Ìtànjáde, Ìtànsí, Ìtànsójú àti Ìmọ́lójú: Àbá lórí Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó Jẹ mọ́ Ìmọ́lẹ̀

1. Ìṣòro tó wà nílẹ̀

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ a máa wí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìràwọ̀ Rigel ju Sirius lọ ní "luminosity", ṣùgbọ́n pé Sirius ju Rigel lọ ní "brightness". Bí olùtumọ̀ bá fi "ìmọ́lẹ̀" túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà ni pé ìmọ́lẹ̀ Rigel ju ti Sirius lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ Sirius ju ti Rigel lọ. Òtítọ́ ti di àtakora. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wá rò pé èdè Yorùbá ni kò kún tó fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ olùtumọ̀ ni kò ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

2. Ohun tí èdè wa ti ní

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ gbogbo rẹ̀. Iná a máa tàn, yàrá a máa mọ́lẹ̀, bàtà tí a nù dáadáa a sì máa dán. Iná ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀, yàrá ń gbà á, bàtà ń dá a padà. Ṣùgbọ́n a tún ń wí pé oòrùn ràn, pé òṣùpá ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni òṣùpá ń dá padà sí wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni ìpìlẹ̀ èdè-ìperí, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

3. Àbá wa

Ọ̀rọ̀-ìṣe "tàn" ni a fẹ́ lò. A kò lè sọ ọ́ di "ìtàn" lásán, nítorí ìtàn tí a ń sọ ti gba orúkọ yẹn. "Ìtànná" náà ti di orúkọ òdòdó. A wá dábàá pé:

(i) Ìtànjáde: àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí orísun kan ń tú jáde, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "luminous flux". Lumen ni òsùnwọ̀n rẹ̀.

(ii) Ìtànsí: ìmọ́lẹ̀ tó tàn sí ojú nǹkan, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "illuminance". Lux ni òsùnwọ̀n rẹ̀. Lux 1 ni lumen 1 tó tàn sí ojú ibi tó jẹ́ mítà 1 níbùú àti lóròó.

(iii) Ìtànsójú: ìmọ́lẹ̀ tó ti ojú nǹkan wá sí apá ibi tí a ti ń wò ó, ìyẹn "luminance". Candela lórí mítà 1 níbùú lóròó ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

(iv) Ìmọ́lójú: bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú ẹni tó ń wò ó, ìyẹn "brightness". Kò ní òsùnwọ̀n bí àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé bébà funfun àti èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ àtùpà kan. Ìtànsí wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ìtànsójú bébà pọ̀ ju ti èédú lọ fíìfíì. Bí a bá gbé àtùpà náà jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìtànjáde rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtànsí yóò di ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá sì tan fìtílà kan lọ́sàn-án gangan, tí a tún tan án lóru, iná kan náà ni. Ìmọ́lójú rẹ̀ ló yàtọ̀.

4. Ìkìlọ̀ fún olùtumọ̀

Nísinsìnyí a lè padà sọ́dọ̀ ìràwọ̀. Ìtànjáde Rigel ju ti Sirius lọ ní ìlọ́po tó ju 1,000 lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa tó bí ìlọ́po 100, nítorí náà ìtànsí Sirius sórí ilẹ̀ ayé ló pọ̀ jù. Àtakora ti kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé "brightness" onímọ̀ ìràwọ̀ ti di ìtànsí níhìn-ín, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ́lójú ni lọ́dọ̀ onímọ̀ ojú. "Luminosity" onímọ̀ ìràwọ̀ náà, watt ni a fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe lumen, nítorí ó ka ìtànṣán tí ojú kò lè rí mọ́ ọn.

Kí olùtumọ̀ má ṣe bi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan léèrè. Kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni wọ́n wọ̀n, níbo ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ hàn án.