Ìka tí ó Ṣẹ̀ ni Ọba ń Gé

Àwọn àgbà a máa wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ohun méjì ni òwe yìí kọ́ wa. Èkíní ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ láìjìyà. Èkejì ni pé ọba kò gbọdọ̀ tìtorí ìka kan gé gbogbo ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ òwe náà wò.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà kò gbà kí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí ní ìbọn lọ́wọ́. Títí di ọdún 2022, nígbà tí wọ́n fi ọdún 5 kún un, ìyà arúfin bẹ́ẹ̀ kì í ju ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, àwọn aṣòfin ṣe òfin tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tí ó sọ ìwà ọ̀daràn di iṣẹ́. Bí a bá ti dá onítọ̀hún lẹ́bi ní ẹ̀ẹ̀mẹta ṣáájú, fún ìwà ipá tàbí òwò oògùn olóró tí ó wúwo, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 15.

Kí ni à ń pè ní ìwà ipá? Òfin náà dárúkọ ilé fífọ́, dídáná sun ilé, àti irú wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi gbólóhùn kan kún un, pé ọ̀ràn mìíràn tí ó bá lè fa ewu ńlá sí ara ẹlòmíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbólóhùn yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Báwo ni ewu náà yóò ti tóbi tó? Ní 2008, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà sọ pé fífi ọtí wa ọkọ̀ kò sí lára rẹ̀. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé fífi ọkọ̀ sá fún ọlọ́pàá wà lára rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ó tóbi lónìí, tí ó kéré lọ́la, ta ni yóò fi í ra àgbàdo lọ́jà?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, 2015, nínú ẹjọ́ tí a ń pè ní ti Johnson, ilé-ẹjọ́ náà pa gbólóhùn yìí rẹ́. Wọ́n ní kò tọ́ kí a fi òfin tí kò yé ènìyàn gba òmìnira rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, 2016, nínú ẹjọ́ Welch, wọ́n tún dá a pé ìdájọ́ náà kan àwọn tí ó ti wà nínú ẹ̀wọ̀n ṣáájú. Ọdún kan péré, láti ọjọ́ ìdájọ́ ti 2015, ni wọ́n ní láti fi mú ẹ̀bẹ̀ wọn wá.

Èyí kì í ṣe ìdáríjì. Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan ni a óò tún yẹ̀ wò. Bí mẹ́ta bá ṣì dúró lórí apá òfin yòókù, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Bí ó bá ku méjì, ọdún 15 náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Adájọ́ yóò dá ẹ̀wọ̀n mìíràn fún un, tí kò ní ju ọdún 10 lọ fún ọ̀ràn ìbọn náà.

Àwọn kan lè wí pé arúfin ẹ̀ẹ̀mẹta kò yẹ ní ẹni àánú. Òtítọ́ ni pé ẹni tí olè fọ́ ilé rẹ̀ kò lè tètè gbàgbé. Ṣùgbọ́n àánú kọ́ ni à ń sọ, ìwọ̀n ni. Bí ẹnìkan bá ti lo ọdún 12 lórí ọ̀ràn tí ìyà rẹ̀ kò ju 10 lọ, ta ni yóò dá ọdún 2 padà fún un? Ọba tí ó bá gé ju ìka lọ ti di ajẹgbèsè.

Ìbéèrè
1. Kí ni àléébù gbólóhùn tí ilé-ẹjọ́ pa rẹ́?
2. Èéṣe tí kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ni ó jẹ àǹfààní ìdájọ́ náà?
3. Kọ àròkọ kúkurú lórí òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.