Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ìbọn Tí Orúkọ Rẹ̀ Ti Wà Nínú Ìwé

Kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ohun tí ìbọn jẹ́ nínú kíláàsì yìí. Ọmọ ọdẹ wà nínú yín, tó ti gbé ṣakabùlà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wọ igbó kó tó di ará Houston. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ gáàdì, ìbọn wà ní ìbàdí wọn lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe ń ra ìbọn kékeré ní ṣọ́ọ̀bù ní Texas níbí náà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. A ó fo ìyẹn.

Ìbọn arọ̀jò-ọta ni ẹ̀kọ́ òní dá lé. Ìka fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta ń jáde lọ ràì títí ìka yóò fi kúrò níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí aráàlú ní irú rẹ̀ kan, àwọn tó ti pẹ́, tí àwọn tó fẹ́ràn ohun ìtàn ń wá kiri: Thompson, M16 tí Colt ṣe, MP40 tí àwọn ọmọ ogun Jámánì lò. Àwọn kan nínú yín ti ń tọ́jú owó fún un. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tí kò yé àwọn tó ṣáájú yín. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n dà á kọ, wọ́n kà á sókè, síbẹ̀ ẹnì kan á tún nawọ́: "Tíṣà, tí mo bá ti rà á tán, ibo ni màá ti lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀?"

Kò síbì kankan. Ẹ kà á pẹ̀lú mi:

A kì í forúkọ ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni ín la ń yí padà.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti ń wá. A ra síìmù, lẹ́yìn náà la lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A ra mọ́tò, lẹ́yìn náà la lọ gba nọ́ńbà. Nínú ohun tó kù tí à ń rà, rírà ló ń ṣáájú, ìwé ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ti ìbọn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìbọn ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba kí ìwọ tó fojú kàn án. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò sí owó, kò sí lọ́yà, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè mú un wọbẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe ṣí, àti bó ṣe tì.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1929, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin 7 nínú gáréèjì kan ní Chicago. Thompson wà nínú ìbọn tí wọ́n lò. Ìlú gbóná, àwọn jàǹdùkú ń fi ìbọn yìí já báńkì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1934, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin tó ṣí ìwé náà: gbogbo arọ̀jò-ọta ní láti ní orúkọ nínú ìwé ìjọba, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò san owó orí 200 dọ́là. Láyé ìgbà náà, owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ìbọn náà fúnra rẹ̀. 200 dọ́là náà ló ṣì jẹ́ títí dòní.

Ní 1968, ìjọba fún àwọn tó fi tiwọn pa mọ́ ní oore-ọ̀fẹ́, láti ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a ò ní mú ọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1986, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn, arọ̀jò-ọta tí kò bá tíì sí nínú ìwé kò lè di ti aráàlú mọ́ láéláé. Ti ọlọ́pàá àti ológun lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ yìí kò kàn án.

Nítorí náà, àwọn tó wà nínú ìwé ní 1986 nìkan ló wà. Wọn kò bímọ. Wọ́n ń bàjẹ́, wọ́n ń jóná mọ́lé, wọn kò pọ̀ sí i. Ohun tó fà á nìyí tí M16 kan fi ń gba ju 30,000 dọ́là lọ lónìí. Irin tó wà lára rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń san owó fún. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni.

Ẹ tún un kà: A kì í forúkọ ìbọn arọ̀jò-ọta tuntun sílẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni ín la ń yí padà.

Màmá kan wà nínú kíláàsì wa nígbà kan, tó ń tọ́jú arúgbó kan nílé. Bàbá òyìnbó náà jà nínú ogun Jámánì. Lọ́jọ́ kan ó ní kí màmá bá òun gbé àpótí kan sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà. Búláńkẹ́ẹ̀tì ológun ló wà nínú rẹ̀, ó ti di pákápáká, òórùn epo ẹ̀rọ ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, MP40 ni. Bàbá ní, "Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ, o ti tọ́jú mi." Inú màmá dùn. Ó wá bi mí, "Tíṣà, ọ́fíìsì wo ni kí n gbé e lọ kí wọ́n bá mi kọ orúkọ ẹ̀?"

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tú gbogbo ilé, wọn kò rí ìwé. Bàbá sì jẹ́wọ́ pé nígbà oore-ọ̀fẹ́ 1968, ẹ̀rù ba òun, òun kò lọ. Ó parí. Ọrẹ kò lè fọ̀ ọ́ mọ́, ọjọ́ orí kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Lọ́yà ni àwọn ọmọ bàbá pè, lọ́yà ló sì bá wọn fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Bí irú rẹ̀ bá kàn yín, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò, kódà bó jẹ́ ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lẹ ń lọ.

Ní báyìí, ká ní ìbọn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lẹ rí. Ẹ kọ́kọ́ wo ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé. Texas gbà, Georgia gbà. New York, New Jersey àti California kì í gbà fún aráàlú lásán. Ẹ wo ara yín náà: ẹni tó bá ní green card lè rà á, ẹni tó wà níbí lórí físà àbẹ̀wò tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sábà lè rà á. Ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi pé ó na ìyàwó rẹ̀ kò ní rà á, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń na aya kò yẹ kó kan ìbọn.

Bí ìbọn bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní àṣẹ ní ìpínlẹ̀ tiyín. Ibẹ̀ lẹ ó ti kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Form 4. Ẹ ó tẹ̀ka, ẹ ó fi fọ́tò sí i, ẹ ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí Sheriff àdúgbò yín, ẹ ó san 200 dọ́là. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, owó orí yìí ti di òdo fún àwọn nǹkan mìíràn, bí ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbọn kó má baà pariwo. Arọ̀jò-ọta kò sí nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró ló kù. Nígbà kan, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Kọ̀ǹpútà ti mú un yá gan-an. Ṣùgbọ́n bó pẹ́, bó yá, ṣọ́ọ̀bù ni ìbọn yóò wà. Ẹ ti sanwó tán, kò tíì di tiyín, nítorí orúkọ ẹlòmíràn ló ṣì wà nínú ìwé. Ẹ ò lè ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fi han ìyàwó mi." Ọjọ́ tí ìwé bá dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba, ọjọ́ náà lẹ tó gbé e.

Lọ́jọ́ náà, ẹ má kánjú. Ẹ gbé ìbọn sí ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin rẹ̀, ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì wo ìwé. Ẹ wò ó bóyá 0 ni tàbí O, bóyá 1 ni tàbí I. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ìbọn tó wà nínú ìwé kọ́ lẹ gbé dání yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, kí oníṣòwò lọ tún un ṣe. Ìdí tí mo fi ń kọ́ yín ní nọ́ńbà àti lẹ́tà láti oṣù Kìíní nìyí.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Bá mi fi orúkọ rẹ rà á, èmi ni mo ni owó." Láàárín wa, ojú ìfẹ́ la fi ń wo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Níbí, ọ̀ràn ni. Ẹ sọ pé rárá, kódà bó jẹ́ àbúrò yín ló bẹ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta irin kékeré kan fún yín lórí fóònù, tó ní yóò sọ ìbọn ìléwọ́ di arọ̀jò-ọta, ẹ sá fún un. Irin kékeré yẹn nìkan, arọ̀jò-ọta ni lójú òfin, orúkọ rẹ̀ kò sì lè sí nínú ìwé.

Ẹ tì í mọ́ inú séèfù. Bó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà nínú ìwé, ìyàwó tàbí ọkọ kò gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ séèfù náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ò sí nílé. Ẹ má gbé e lọ síbi ìnáwó, ẹ má fi í ya fọ́tò sórí WhatsApp. Ẹ má sì ronú àtigbé e lọ sílé ní Nàìjíríà, nítorí òfin ibẹ̀ kò fún aráàlú ní arọ̀jò-ọta rárá.

Ẹ sọ ibi tí ìwé wà fún ọmọ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, Form 5 ni wọn yóò kọ fún ajogún, kò sì ní san 200 dọ́là. Nọ́ńbà ara irin yóò wà bó ṣe wà. Orúkọ yín ni wọn yóò yọ kúrò, wọn yóò fi ti ọmọ yín síbẹ̀.