Iye 4,294,967,297

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mú 2, kí ẹ fi òun tìkára rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀: ó di 4. Bákan náà, 4 di 16, 16 di 256, 256 di 65,536, 65,536 sì di 4,294,967,296. Ẹ wá fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí 2: ẹ ó ní 3, 5, 17, 257, 65,537 àti 4,294,967,297. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ẹ̀kọ́ wa. Bí àwọn baba wa bá fi owó ẹyọ kà á, ọ̀kẹ́ 214,748 ni, ó lé 7,297. Èmi kò mọ àká tí ì bá gbà á.

Ní 1640, Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé tí ó fẹ́ràn ìṣirò púpọ̀, kíyè sí i pé márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ aláìṣeépín, èyíinì ni pé kò sí iye tí ó lè pín wọn láìṣẹ́kù bí kò ṣe 1 àti àwọn tìkára wọn. Ó kọ̀wé pé ó dá òun lójú pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyókù yóò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Kí a má ṣe yára bá a wí: ta ni nínú wa tí kò tíì kọ àpẹẹrẹ mẹ́ta sójú pátákó, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ pé òfin ni?

Ní 1732 ni Leonhard Euler sọ ọ́ di mímọ̀ pé 641 pín iye wa yìí láìṣẹ́kù, ó sì jẹ́ 6,700,417. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rí hàn pé iye aláìṣeépín tí ó bá pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 bí a bá fi 64 pín òun náà. Nítorí náà 193 ni a ó kọ́kọ́ dán wò, lẹ́yìn rẹ̀ 257, 449, 577, lẹ́yìn náà 641. Ìdánwò márùn-ún péré! Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ẹni tí ìpín gígùn bá sú lè gba ọ̀nà yìí. 4,294,967,296 jẹ́ 16×128×128×128×128. Ṣùgbọ́n 16 jẹ́ 641 tí a yọ 625 kúrò nínú rẹ̀. Iye náà di 641×128×128×128×128, tí a yọ 625×128×128×128×128 kúrò. 625 sì jẹ́ 5×5×5×5. Bí a bá so 5 kọ̀ọ̀kan mọ́ 128 kan, ohun tí a yọ jẹ́ 640×640×640×640. Wàyí o, 640×640 jẹ́ 409,600, ó sì fi 1 ju 641×639 lọ. Bí iye méjì bá fi 1 ju ìlọ́po 641 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a rí nígbà tí a fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Nítorí náà ohun tí a yọ fi 1 ju ìlọ́po 641 lọ. Nígbà náà 4,294,967,296 fi 1 kéré sí ìlọ́po 641. Ẹ fi 1 náà kún un, ó pé.

Ní 1880, Fortuné Landry rí i pé 274,177 pín èyí tí ó tẹ̀ lé e, 18,446,744,073,709,551,617. Títí di òní, kò sí èyí tí ó ju 65,537 lọ nínú ẹbí yìí tí a mọ̀ pé ó jẹ́ aláìṣeépín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí.