Oògùn Inú Ọ̀rá Yẹn

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, ọ̀rọ̀ àárín àwa obìnrin ni.

Bí làkúrègbé bá mú ọ lórúnkún, tàbí tó mú màmá, tí oníkẹ́míìsì bá ka hóró oògùn mẹ́rin, márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré, tí kò kọ orúkọ kankan sí i, jọ̀ọ́, má gbé e mì. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìrora á fò lọ, ara á yá gágá, oúnjẹ á máa wọlé. Iṣẹ́ kíákíá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Dexamethasone tàbí prednisolone ló sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú diclofenac tàbí piroxicam. Oògùn gidi ni wọ́n lọ́wọ́ dókítà. Àmọ́ ẹni tó bá ń mu wọ́n lóṣooṣù láìmọ̀, ojú rẹ̀ á wú, àwọn èèyàn á ní ó sanra. Ṣúgà á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru, egungun á di ẹlẹgẹ́. Diclofenac sì lè ba kídìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí màmá bá ti ń mu oògùn inú ọ̀rá yìí tipẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì o! Ó léwu. Dókítà ni yóò máa bá wọn dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ti kápúsù tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò pé ó ń wo àtọ̀gbẹ ńkọ́? Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ kò sọ pé ó ń wò ó. Ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára ike: lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ wò.

Mi ò ní kí o má lo fítámì. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, tó bá pẹ́ lára, lè dín fítámì B12 kù. Bí ẹsẹ̀ bá ń ṣe ọ́ yinrinyinrin, ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 ara rẹ wò. Kálísíọ́mù kò gbọdọ̀ bá levothyroxine, oògùn thyroid, wọlé pọ̀, fi wákàtí 4 sí àárín wọn. Ẹni tó ń mu lisinopril kò sì gbọdọ̀ dá ra potassium fúnra rẹ̀.

Kó gbogbo oògùn tí ò ń lò sínú báàgì kan, àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí o kì í dárúkọ fún dókítà, kí o gbé e lọ bá apòògùn. Bí oníkẹ́míìsì bá kọ̀ láti kọ orúkọ oògùn inú ọ̀rá náà sílẹ̀ fún ọ, gba owó rẹ padà.