Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: FÍFỌ Ẹ́ŃJÌNÌ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé iyọ̀ nìkan ló ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́, àti pé níwọ̀n bí omi Ọ̀sà Lẹ́kí kò ti níyọ̀, kò sídìí fífọ̀ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Yanrìn, ẹrẹ̀ àti ewéko ń bá omi wọnú ẹ́ńjìnì. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà omi, ẹ́ńjìnì á gbóná títí á fi kú, ṣùgbọ́n gbèsè tí a fi rà á kò ní bá a kú.

Ẹ jẹ́ ká máa ṣe báyìí:

1. Ẹ pọn omi mímọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì bọ inú rẹ̀, kí omi bo ihò tó fi ń fa omi.
2. Ẹ fi jíà sí fírì, kẹ́ ẹ tó ṣíná sí i. Kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10.
3. Ẹ wo omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tú, ẹ pa á kíá, ẹ pe mẹkáníìkì.
4. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí omi inú rẹ̀ dà nù tán.

Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnì láìsí omi, nítorí rọ́bà tó ń fa omi yóò jó. Ohun tí a bá tọ́jú ni í tọ́jú ẹni.