Ohùn Ọmọ Yín Lẹ Gbọ́, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sílẹ̀. Bí fóònù bá dún lóru, tí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín tó ń sunkún pé ọlọ́pàá ti mú òun, pé kí ẹ tètè fi owó ránṣẹ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ AI ti wà báyìí tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, bóyá nínú fídíò ọjọ́ ìbí tó wà lórí Facebook, á sín in jẹ débi pé ìyá tó bí i lè má mọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń kó sínú irú ẹ̀tàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong wọ ìpàdé orí fídíò, ó rí ọ̀gá tó ń mójú tó owó, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ayédèrú tí wọ́n fi AI ṣe ni gbogbo wọn. Kó tó fura, ó ti fi owó ránṣẹ́ nígbà 15, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Àwọn ọmọ Yahoo kan ń tan ara wọn pé kò sí òfin tó lè mú ẹni tó ń fi AI lu jìbìtì ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, kò bìkítà nípa irinṣẹ́ tí èèyàn lò. Abala 22 rẹ̀ de ẹni tó bá fi ẹ̀tàn pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ alààyè tàbí òkú, láti fi gba ohun ìní. Ó lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 5, tàbí kó san ìtanràn tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kó jìyà méjèèjì. Ẹ gbọ́ “òkú” yẹn dáadáa: ẹni tó fi ohùn olóògbé gbowó lọ́wọ́ opó wà lábẹ́ òfin yìí. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa dárúkọ ayédèrú ohùn àti àwòrán ní tààràtà, kí agbẹjọ́rò kankan má baà rí ihò sá gbà.

Kí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó dé, bí irú ìpè yẹn bá wọlé, ẹ gé e, kí ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà ọmọ yín tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í léèrè pé: orúkọ wo ni màmá àgbà sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ? Ó ṣòro kí ìyẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá a dúró. Ẹ má pa nọ́ńbà tó pè yín rẹ́, ẹ tọ́jú nọ́ńbà àkáǹtì tí owó wọ̀, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún ọlọ́pàá tàbí EFCC. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́.