Wọ́n Ní Kí Ọmọ Mi Lọ Kọ́ṣẹ́ Ní Adéọ̀yọ́

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtu. Ṣé kò ní pàdánù ẹ̀kọ́ UCH, ọsibítù yunifásítì?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Kí UCH tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, Adéọ̀yọ́ wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣègùn. Ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrọbí ni ọmọ yín yóò máa rí níbẹ̀, àwọn ohun tó ń gbé ará ìlú dé ọsibítù gan-an. Bí aláìsàn bá ní “inú ń run mí”, yóò kọ́ bí a ṣe ń béèrè títí ọ̀rọ̀ yóò fi yéni. Àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ mọṣẹ́: kó bọ̀wọ̀ fún wọn, kó dúró tì wọ́n lóru. Yóò rẹ̀ ẹ́ o. Ẹ máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i.